Ìbaaka ni Napoleon Gùn: Ọ̀rọ̀ lórí Ẹ̀dà Àwòrán Ogun

Àwọn àgbà ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Bóyá ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń gba àwòrán gbọ́ ju ọ̀rọ̀ ẹnu lọ. Bí a bá sọ fún wọn pé ọ̀gágun kan fi ẹṣin gun òkè yìnyín, wọn yóò béèrè ẹni tí ó rí i. Ṣùgbọ́n bí a bá fi àwòrán rẹ̀ hàn wọ́n nínú férémù aláwọ̀ wúrà, ìbéèrè parí, nítorí ojú ti rí i. Ohun tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò lónìí ni pé àwòrán ogun kì í ṣe àfojúbà. Ìròyìn ni. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni tí ó ń ròyìn kò sí lójú ogun náà, ẹlòmíràn ni ó sì sanwó fún un kí ó ròyìn rẹ̀ bí òun ṣe fẹ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá nítorí òwò kan tí ó ti gbilẹ̀ káàkiri ayé, ìyẹn òwò ẹ̀dà àwòrán tí a fi ọwọ́ yà. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹnikẹ́ni tí ó bá ní owó lọ́wọ́ lè yan àwòrán ogun tí ó lókìkí, kí ó sọ bí ó ṣe fẹ́ kí ó ga tó àti bí ó ṣe fẹ́ kí ó fẹ̀ tó, kí ayàwòrán kan tí kò mọ̀ rí sì fi ọ̀dà olóròóró yà á fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ní ìlú Shenzhen ní orílẹ̀-èdè Ṣáínà, abúlé kan wà tí a ń pè ní Dafen. Láti ọdún 1989, tí Huang Jiang, oníṣòwò kan láti Hong Kong, ti gbé iṣẹ́ yìí dé ibẹ̀, ẹ̀dà yíyà ti di iṣẹ́ tí a mọ abúlé náà mọ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni ó ń jẹun nídìí rẹ̀.

Iṣẹ́ náà kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀lẹ. Ayàwòrán lè kọ́kọ́ fa ìlà olórígun mẹ́rin-mẹ́rin sórí àwòrán tí ó ń wò, kí ó fa irú ìlà bẹ́ẹ̀ tí ó tóbi jù ú lọ sórí aṣọ tí ó fẹ́ ya àwòrán sí, kí ohun tí ó wà nínú igun kọ̀ọ̀kan má baà ṣìnà. Lẹ́yìn náà ni yóò fi ọ̀dà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sàmì sí ibi tí òkùnkùn wà àti ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Ìgbà tí ìyẹn bá gbẹ ni àwọ̀ gan-an yóò wọlé, ìpele lórí ìpele, ọ̀dà olóròóró kì í sì í yára gbẹ. Bí ó bá wá jẹ́ àwòrán ogun, wàhálà di púpọ̀: bọ́tìnnì aṣọ ológun, ìjánu ẹṣin, èéfín ìbọn, àti ojú ẹni tí ẹ̀mí ń bọ́ lára rẹ̀.

Èmi kò sí lára àwọn tí ń pe iṣẹ́ yìí ní ayédèrú. Ohun tí ó bá ń jẹ́ orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀ ni ayédèrú. Ẹ̀dà tí ó bá jẹ́wọ́ pé ẹ̀dà ni òun kò rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Ohun tí ó ń kọ mí lóminú ni irọ́ tí àwòrán àkọ́kọ́ pa, tí ẹ̀dà ń gbé kiri láti ilé dé ilé, tí ẹni tí ó yà á àti ẹni tí ó rà á kò sì mọ̀ pé àwọn ń gbé e.

Ẹ jẹ́ kí a fi èyí tí ó lókìkí jù lára wọn ṣe àpẹẹrẹ. Jacques-Louis David, ayàwòrán ọmọ Faransé, ya Napoleon níbi tí ó ti ń kọjá òkè Alps. Ẹṣin rẹ̀ gbé ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì sókè, aṣọ ìlékè rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́ nínú afẹ́fẹ́, òun fúnra rẹ̀ sì nawọ́ sí òkè bí ẹni pé ó ń pàṣẹ fún àpáta. Lára àpáta tí ó wà nísàlẹ̀, David kọ orúkọ Bonaparte, ó sì kọ ti Hannibal àti ti Charlemagne mọ́ ọn, àwọn akọni àtijọ́ tí wọ́n ti kó ogun kọjá òkè náà. Ọba Charles Kẹrin ti Spéènì ni ó ní kí a ya èyí àkọ́kọ́. Láàárín ọdún 1801 sí 1805, David àti àwọn tí ń bá a ṣiṣẹ́ ya àwòrán kan náà ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Ọ̀kan wà ní Malmaison, méjì wà ní Versailles, ọ̀kan wà ní ààfin Charlottenburg ní Berlin, ọ̀kan sì wà ní Belvedere ní Vienna. Àwọ̀ ẹṣin inú wọn kò rí bákan náà, bẹ́ẹ̀ ni àwọ̀ aṣọ ìlékè. Nítorí náà, láti ọwọ́ David fúnra rẹ̀ ni ẹ̀dà àwòrán yìí ti bẹ̀rẹ̀.

Kí ni ó ṣẹlẹ̀ ní òótọ́? Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1800, Napoleon kọjá òkè náà ní ojú ọ̀nà Great Saint Bernard lórí ìbaaka, lẹ́yìn tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ti kọjá lọ. Ọmọ ìbílẹ̀ orí òkè kan ni ó ń ṣamọ̀nà rẹ̀. Ìbaaka ni ẹranko tí ó mọ ẹsẹ̀ gbé lójú ọ̀nà àpáta. Ẹṣin tí ó bá dìde dúró lórí ẹsẹ̀ méjì nínú yìnyín, ọ̀gbun ni yóò gba òun àti ẹni tí ó gùn ún. Napoleon kò tilẹ̀ jókòó fún David kí ó wo ojú rẹ̀ yà. Ó tó nǹkan bí àádọ́ta ọdún lẹ́yìn náà kí ayàwòrán Faransé mìíràn, Paul Delaroche, tó ya ìrìn àjò kan náà pẹ̀lú ìbaaka, pẹ̀lú afinimọ̀nà tí ó ń lọ níwájú, àti Napoleon tí ó ki ọwọ́ bọ inú ẹ̀wù nítorí òtútù. Ọ̀kan nínú àwọn àwòrán Delaroche yìí wà ní Walker Art Gallery ní Liverpool. Bí ẹ bá gbé àwọn méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ẹ ó rí i pé ọkùnrin kan náà ni, òkè kan náà ni, ṣùgbọ́n ìròyìn méjì ni.

Ẹ má ṣe rò pé ìbaaka dín Napoleon kù. Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe lórí òkè yẹn. Àwọn ọmọ ogun gbẹ́ inú igi ńláńlá, wọ́n tẹ́ irin àgbá sínú rẹ̀, wọ́n sì fi okùn wọ́ ọ gba inú yìnyín kọjá. David kò gbàgbé wọn pátápátá. Bí ẹ bá wo abẹ́ ikùn ẹṣin náà dáadáa, ẹ ó rí àwọn ọmọ ogun tí ń gun òkè lọ, tí wọ́n ń wọ́ àgbá, wọ́n kéré bí èèrà. Àwọn ni wọ́n ṣe iṣẹ́ ọ̀hún, abẹ́ ikùn ẹṣin sì ni àyè wọn. Kí ni ó ń ṣẹlẹ̀ wàyí nígbà tí ẹnìkan bá ní kí a ya ẹ̀dà rẹ̀ fún òun ní ìwọ̀n tí ó lè wọ ara ògiri pálọ̀? Àwòrán tí ó ga ju ènìyàn lọ gbọ́dọ̀ súnkì. Bí ó bá ti ń súnkì, tí ọwọ́ sì ń kánjú, àwọn ọmọ ogun kéékèèké wọ̀nyí ni yóò kọ́kọ́ di àbàwọ́n ọ̀dà. Ẹṣin yóò kù, Napoleon yóò kù, ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n wọ́ àgbá yóò pòórá. Báyìí ni ẹ̀dà ṣe lè fi irọ́ tirẹ̀ kún irọ́ tí ó jogún, láìjẹ́ pé ẹni tí ó yà á ní èrò ibi kankan lọ́kàn.

A mọ irú iṣẹ́ tí David ṣe yìí nílẹ̀ Yorùbá. Arọ́kin wà láàfin Ọ̀yọ́, akéwì àti onírárà wà fún àwọn ọba àti ìjòyè, David sì ni arọ́kin Napoleon. Oríkì ni ó fi ọ̀dà kọ. Kò sí ẹni tí ń mú oríkì lọ sí ilé ẹjọ́ láti fi jẹ́rìí. Bí akéwì bá sọ pé ọba kan fi ẹsẹ̀ kan tẹ ìlú méje mọ́lẹ̀, a ó patẹ́wọ́, ṣùgbọ́n a kò ní lọ wọn ẹsẹ̀ ọba. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo ni mo rí, ti wa ni ó sì wù mí jù. Oríkì Yorùbá kì í pọ́nni nìkan. A máa sọ pé lágbájá kúrú, a máa sọ pé ó rorò, a máa sọ ìjà tí ó jà tí kò yẹ kí ó jà. Bí ó bá jẹ́ akéwì wa ni ó ki Napoleon, ó ṣeé ṣe kí a gbọ́ nípa ìbaaka náà.

Àwọn ọba Faransé mọ agbára oríkì aláwọ̀ yìí. Ní ọdún 1837, Ọba Louis-Philippe ṣí gbọ̀ngàn ńlá kan ní Versailles tí ó gùn tó ọgọ́fà mítà. Àwòrán ogun 33 ni ó wà lára ògiri rẹ̀, láti ogun Tolbiac ti ọdún 496 títí dé Wagram ti ọdún 1809. Lẹ́yìn Wagram, àwòrán tán. Russia ti ọdún 1812 kò sí níbẹ̀, Waterloo ti ọdún 1815 kò sí níbẹ̀. Ẹni tí ó bá fi àwòrán ara ògiri yẹn nìkan kọ́ ìtàn, yóò gbà pé ẹnikẹ́ni kò borí Faransé rí lójú ogun.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọn yóò ní ẹwà ni àwọn ń rà, àwọn kò ra ìtàn; pé ẹṣin tí ó dìde dúró dùn ún wò lára ògiri, ó sì tán. Èmi náà gbà pé ó dùn ún wò. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rántí ọba tí ó kọ́kọ́ sanwó àwòrán náà. Charles Kẹrin gbé Napoleon kọ́ sí ààfin rẹ̀ ní Madrid. Ní ọdún 1808, Napoleon yìí kan náà gba adé Spéènì lọ́wọ́ ìdílé rẹ̀, ó sì fi Joseph, ẹ̀gbọ́n ara rẹ̀, jọba níbẹ̀. Nígbà tí Joseph ń sá lọ, ó gbé àwòrán náà dání, ó sì gbé e dé Amẹ́ríkà níkẹyìn. Ẹni tí ọba sanwó kí a yà lẹ́wà ni ó gba ìtẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àwòrán náà sì bá ẹrù ajagungbàlú lọ.

Kò tán síbẹ̀. Ní ọjọ́ kejì oṣù Karùn-ún ọdún 1808, àwọn ará Madrid dìde sí àwọn ọmọ ogun Faransé. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, wọ́n ti ń to àwọn tí wọ́n mú sí ẹ̀bá òkè, wọ́n ń yìnbọn pa wọ́n. Francisco Goya, tí ó ti jẹ́ ayàwòrán ààfin Charles Kẹrin, ya ìpànìyàn náà ní ọdún 1814, ó sì wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Prado ní Madrid títí di òní. Àtùpà ńlá kan wà nílẹ̀. Ọkùnrin kan tí ó wọ ẹ̀wù funfun na ọwọ́ méjèèjì sókè. A kò rí ojú àwọn tí ó fẹ́ yìnbọn sí i. Ẹ̀yìn wọn nìkan ni a rí. Ogun Napoleon ni eléyìí náà. Ta ni ó ń rán ayàwòrán ní irú ẹ̀dà yìí kí ó lè gbé e kọ́ sí ibi tí òun àti àlejò rẹ̀ ti ń jẹun? Bí ó bá jẹ́ ẹwà nìkan ni a ń rà, Goya kò kéré sí David lọ́wọ́ ọ̀dà. Èyí fi hàn pé a ń yan ìtàn nígbà tí a rò pé ẹwà ni a ń yàn.

Síbẹ̀, ẹni tí ó bá fẹ́ kí a pa òwò ẹ̀dà rẹ́ kò mọ ohun tí ẹ̀dà ti ṣe fún ayé. Leonardo da Vinci bẹ̀rẹ̀ àwòrán ogun Anghiari lára ògiri ààfin ìlú Florence ní nǹkan bí ọdún 1505. Kò parí rẹ̀, ohun tí ó sì yà kò sí lójú mọ́. Ọpẹ́lọpẹ́ àwọn tí wọ́n dà á kọ ni a fi mọ bí àárín rẹ̀ ṣe rí. Èyí tí ó lókìkí jù, tí ọwọ́ Rubens kàn, tí ó wà ní Louvre, ẹ̀dà ti ẹ̀dà ni, nítorí ọdún 1577 ni a bí Rubens, kò sì fi ojú kan ti Leonardo rí.

Ti Emanuel Leutze tún yani lẹ́nu jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òun ni ó ya George Washington níbi tí ó ti ń fi ọkọ̀ ojú omi sọdá odò Delaware ní òru Kérésìmesì ọdún 1776. Iná ba èyí àkọ́kọ́ jẹ́ díẹ̀ nínú ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní Jámánì ní ọdún 1850. Wọ́n tún un ṣe, ó sì bọ́ sí ọwọ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìlú Bremen. Ní ọdún 1942, bọ́ǹbù àwọn Gẹ̀ẹ́sì jó o run. Ogun gidi pa àwòrán ogun. Èkejì tí Leutze fúnra rẹ̀ yà ní ọdún 1851 ni ó wà ní Metropolitan Museum ní New York, tí ó fẹ̀ ju mítà mẹ́fà lọ. Ẹ̀dà kékeré kan tí òun náà yà wà ní ilé ìjọba Amẹ́ríkà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí wọ́n gbé e sí gbàǹjo ní ọdún 2022, ó lé ní mílíọ̀nù 45 dọ́là. Ẹ̀dà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìtìjú.

Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ̀dà bá gbà là, ó gba àṣìṣe rẹ̀ là pẹ̀lú. Àsíá tí wọ́n gbé dání nínú ọkọ̀ Washington, oṣù Kẹfà ọdún 1777 ni Amẹ́ríkà tó fi irú rẹ̀ ṣe àsíá orílẹ̀-èdè, nígbà tí odò ti di sísọdá tipẹ́. Òru dúdú ni wọ́n sọdá, ṣùgbọ́n ojúmọ́ ń mọ́ nínú àwòrán. Gbogbo ẹni tí ó bá dà á kọ ni ó ń dà àsíá yẹn kọ.

Kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé òyìnbó nìkan ni ó ń ṣe báyìí, ẹ jẹ́ kí a wo Ethiopia. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta ọdún 1896, àwọn ọmọ ogun Menelik Kejì ṣẹ́gun Ítálì ní Adwa. Láti ìgbà náà ni àwọn ayàwòrán ilẹ̀ náà ti ń ya ogun yìí sórí aṣọ, tí ọ̀kan ń wo iṣẹ́ èkejì yà, tí wọ́n sì ń tà á fún ará ilé àti àlejò. Menelik wà níbẹ̀, Taytu aya rẹ̀ wà níbẹ̀, Jọ́ọ̀jì Mímọ́ sì wà lórí ẹṣin ní ojú ọ̀run. Ẹ wo ojú àwọn ènìyàn inú rẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí àṣà àwọn ayàwòrán náà, ojú méjèèjì ọmọ ilẹ̀ ni a sábà máa ń rí, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ ojú kan ni ọ̀tá ń kọ sí wa. Inú mi dùn sí àwòrán Adwa ju bí ó ṣe dùn sí ti David lọ, nítorí ẹni tí wọ́n fẹ́ kó lẹ́rú ni ó ń ki ara rẹ̀ níbẹ̀. Síbẹ̀, oríkì ni òun náà. Àwọn ará Eritrea kan jà fún Ítálì lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn ogun, wọ́n gé ọwọ́ ọ̀tún àti ẹsẹ̀ òsì ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n mú. Kì í ṣe èyí ni àwòrán ìṣẹ́gun fi ń yangàn.

Níbi tí ọ̀rọ̀ dé yìí ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ọwọ́ àti ẹ̀rọ ti wúlò. Ẹ̀rọ tí ń tẹ àwòrán kò lè béèrè ìbéèrè. Ọwọ́ lè béèrè, nítorí ẹni tí ó ń fọwọ́ yà á gbọ́dọ̀ gba ibi gbogbo kọjá lára rẹ̀, kò sì sí igun kan tí kò ní pinnu bí òun ó ti yà á. Kehinde Wiley, ọmọ Amẹ́ríkà tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, tí orúkọ rẹ̀ sì jẹ́ kí gbogbo Yorùbá mọ̀ pé ìbejì ni, ya Napoleon ti David ní ọdún 2005. Ẹṣin yẹn náà ni, bí ó ṣe dìde yẹn náà ni, ṣùgbọ́n ọ̀dọ́mọkùnrin aláwọ̀ dúdú tí ó wọ aṣọ sójà alábàlà àti bàtà aláwọ̀ ilẹ̀ ni ó gùn ún. Òkè àti yìnyín ti lọ, aṣọ ìgúnwà pupa olódòdó ni ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Lára àpáta, ó fi orúkọ Williams kún ti àwọn akọni ìṣáájú. Ní ọdún 2020, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Brooklyn gbé iṣẹ́ rẹ̀ àti ti David sí ojú kan kí ayé wò ó. Kò sí ẹni tí ó lè wo ti Wiley tán tí kò ní béèrè pé ta ni ó tọ́ sí láti gun ẹṣin yẹn, ta ni ó sì sọ pé ó tọ́ sí i. Ẹ̀dà tí ó ń béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ nìyẹn.

Gbogbo ayàwòrán kò lè jẹ́ Wiley, n kò sì bèèrè bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo ń bèèrè kéré. Ní Louvre, ẹni tí wọ́n bá fún láṣẹ láti da àwòrán kọ kò gbọdọ̀ yà á ní ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú ti àkọ́kọ́, kò sì gbọdọ̀ kọ orúkọ ẹni àkọ́kọ́ sí i bí ẹni pé òun ni. Òfin yẹn wà kí ẹ̀dà má baà di ayédèrú. Ó yẹ kí a fi tiwa kún un, kí ẹ̀dà má baà di ẹlẹ́rìí èké. Kí ẹni tí ń tà á kọ orúkọ ẹni tí ó ya ti àkọ́kọ́ àti ọdún tí ó yà á sí ẹ̀yìn aṣọ náà. Kí ó kọ orúkọ ẹni tí ó fọwọ́ ya ẹ̀dà, nítorí òun náà ṣiṣẹ́, kò sì yẹ kí ó pòórá bí àwọn tí ń wọ́ àgbá lábẹ́ ikùn ẹṣin. Kí ẹni tí ó bá rà á, pàápàá bí ó bá fẹ́ gbé e kọ́ sí ilé ìwé tàbí ọ́fíìsì ìjọba, wá fi gbólóhùn kan ṣoṣo sí abẹ́ rẹ̀ láti sọ ohun tí àwòrán náà kò sọ. Fún àpẹẹrẹ: “Ẹ̀dà àwòrán tí Jacques-Louis David yà ní ọdún 1801. Lágbájá ni ó fọwọ́ ya ẹ̀dà yìí. Ìbaaka ni Napoleon gùn kọjá òkè náà.”

Gbólóhùn bẹ́ẹ̀ kò ní ba ẹwà ògiri jẹ́. Ọmọ tí ó bá kà á yóò ṣì fẹ́ràn ẹṣin náà. Ṣùgbọ́n bí ó bá dàgbà, tí ẹnìkan sì wá fi ẹṣin mìíràn hàn án pé kí ó tẹ̀ lé òun lọ sójú ogun, ó ṣeé ṣe kí ó kọ́kọ́ béèrè ibi tí ìbaaka wà, àti àwọn tí yóò wọ́ àgbá. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Ẹṣin Napoleon ti sáré fún igba ọdún ó lé. Ìbaaka kì í sáré, ṣùgbọ́n òun ni ó mọ ọ̀nà.